Ilẹ̀kùn Kan, Ife Fúláwà Kan

Ní ọjọ́ kejì tí Màmá Àgbà sùn tí wọn kò jí mọ́, fóònù mi kò sinmi. Àwọn tó wà ní Kánò ń pè, àwọn tó wà ní Ìbàdàn ń pè, àwọn tó ti di ará òkè òkun náà ń pè. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: báwo ni kéèkì tí a máa yan fún ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ṣe máa pọ̀ tó? Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé èmi ni mo máa ń bá Màmá Àgbà kọ ìwé kéèkì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bákan náà ni mo ṣe dá gbogbo wọn lóhùn. Mo ní, "Ilẹ̀kùn mélòó ni?" Ẹni tó bá dàgbà sínú ilé wa á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ẹkún. Àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àna ni kò yé.

Nítorí tiwọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, àti nítorí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n bá Màmá Àgbà. Màmá Àgbà tí èmi mọ̀ kì í jókòó. Mi ò ní kọ ọdún tí a bí wọn tàbí bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá bá Bàbá Àgbà ní Kánò. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Kéèkì ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibi kéèkì ni mo ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ilé wa wà lẹ́yìn France Road ní Sábóńgàrí. Ní iwájú ilé, Bàbá Àgbà ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ní ẹ̀yìnkùlé, Màmá Àgbà ń yan kéèkì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ti ìdílé wa ló sì máa ń ṣáájú ti gbogbo ènìyàn. Ààrò wọn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù epo tí wẹ́dà kan bá wọn là lágbedeméjì, tó sì fi irin ṣe ìdérí fún ẹnu rẹ̀. Èédú wà nísàlẹ̀, èédú wà lórí, páànù kéèkì wà láàárín. Wọn kò ní òṣùwọ̀n kankan ju ife tánńganran funfun kan lọ, èyí tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ aró, tó sì ti họ níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Tí wọ́n bá bu fúláwà kún un, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kúrò títí tó fi máa tẹ́jú bíi tábìlì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi bu ife kan ní gegele torí pé wọ́n ń kánjú. Màmá Àgbà gba ife náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dà á padà sínú àpò, wọ́n tún un bù. Wọ́n ní, "Ife tó bá ní orí, irọ́ ló ń pa."

Bí wọ́n ṣe ń mọ iye kéèkì tó máa tó nìyí. Tí ìnáwó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Àgbà á wọ bàtà, wọ́n á ju ìborùn sí èjìká, wọ́n á sì jáde lọ kí gbogbo àwọn tí a fẹ́ pè. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé èèyàn mélòó ló ń bọ̀. Wọ́n á kí onílé, wọ́n á bèèrè ara àwọn ọmọ, ojú wọn á sì máa lọ sára àwọn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mọ ilé Sábóńgàrí mọ̀ pé yàrá ló kọjú sí yàrá níbẹ̀: ìdílé kan lè ní yàrá kan, òmíràn lè ní mẹ́ta. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á ní kí n mú ìwé mi wá, wọ́n á sì máa dárúkọ, èmi á máa kọ ọ́. Ilé díákónì, ilẹ̀kùn méjì. Ilé Màmá Ngozi, ilẹ̀kùn kan. Ilé Hájíà Làmí, ilẹ̀kùn mẹ́ta. Ilẹ̀kùn kan, ife fúláwà kan. Tí mo bá ń ro ó pọ̀, wọ́n á tẹjú mọ́ ẹnu mi bíi pé ìwé ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ kà. Bí mo bá ní ogún ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe pọ̀ tó ni inú wọn ṣe máa ń dùn tó, àfi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé náà.

Bọ̀dá Dèjì, àbíkẹ́yìn wọn, kò gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni Bọ̀dá Dèjì wà nígbà náà, ìṣirò sì ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn. Nígbà tí a fẹ́ sọ àbúrò mi lórúkọ, wọ́n mú bírò, wọ́n ní ọgọ́ta èèyàn la pè, ife kan ń fún wa ní ègé mẹ́sàn-án, nítorí náà ife méje ti tó, á tún ṣẹ́kù. Màmá Àgbà ní ó dáa, kí Dèjì ṣe olórí kéèkì lọ́jọ́ náà. Ọgọ́ta èèyàn wá lóòótọ́, wọ́n sì jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, Màmá Ngozi tẹ́ áńkáṣíìfù sórí ọwọ́, wọ́n ní baálé àwọn wà níbi iṣẹ́. Ìyàwó díákónì ní ìyá ọkọ àwọn kò lè rìn. Ẹnìkan ní àwọn ọmọ òun wà ní iléèwé. Bọ̀dá Dèjì sáré gba ẹ̀yìn jáde lọ sí France Road, wọ́n ra bisikíìtì, wọ́n sì ń pín in ní méjì méjì bí ẹni tó ń pín oògùn. Màmá Àgbà jẹ́ kí wọ́n pín in tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé, "Dèjì, ẹni tó wá kọ́ ló ń jẹ kéèkì. Ilé tó ti wá ni."

Gbogbo ègé gbọ́dọ̀ tóbi bíi páálí ìṣáná, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí ìṣáná kan tí kò sí igi kankan nínú rẹ̀ wà nínú àpò ìdí wọn nígbà gbogbo, òun ni wọ́n ń gbé lé kéèkì kí ọ̀bẹ tó sọ̀kalẹ̀. Hájíà Làmí, aládùúgbò wa tí ògiri kan pín ilé wa níyà, kò dárí ọ̀rọ̀ yìí jì wọ́n títí. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé kéèkì dé ọ̀dọ̀ wọn ni Hájíà máa ń fi èdè Haúsá bèèrè lórí ògiri pé ṣé àìsàn ni Màmá Àgbà gbọ́ pé ó ń ṣe àwọn tí wọ́n fi gé e ní ìwọ̀n oògùn oníhóró. Màmá Àgbà á fi Haúsá dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó lọ ro tùwó. Wọ́n lè fa ọ̀rọ̀ yìí títí omi á fi hó lórí iná, àwọn méjèèjì á sì máa gbádùn ara wọn. Nígbà tí mo bi Màmá Àgbà pé kí ló dé tí a ò lè gé e tóbi díẹ̀, wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n dé ilé kí ẹnu wọn ṣì máa wá a."

Àṣìṣe Bọ̀dá Dèjì níbi ìsọmọlórúkọ yẹn tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan nínú tó burú ju àìtó lọ. Wọ́n ka èèyàn. Mo mọ̀ pé kò sí ilé Yorùbá tí wọ́n ti ń fẹ́ kí a na ìka sí àwọn ọmọ kà, ṣùgbọ́n tiwa le ju ti gbogbo ilé lọ. Tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà ni a ń kà. Tí a bá fẹ́ jẹun, abọ́ ni a ń kà. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa láti Jọ́ọ̀sì, Màmá Àgbà sì ní kí n kó ṣíbí tó máa kárí wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n lábẹ́ ètè: dáyà, bíyú, úkù. Èdè Haúsá rọrùn fún wa ju Yorùbá lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo rò pé tí mo bá fi Haúsá kà á, kò ní jẹ́ kíkà. Màmá Àgbà ti ẹ̀yìn wá, wọ́n di ìka mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún fúláwà, wọ́n sì rọra ká a padà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Ohun tí mò ń sá fún, Kánò níbí ló ń gbé. Ó gbọ́ Haúsá jù ẹ́ lọ."

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó fiyè sí ife kan tí kò ní orúkọ. Tí mo bá ti ro gbogbo ilẹ̀kùn pọ̀, tí mo sì ti fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, Màmá Àgbà á ní kí n kọ ife kan sí i. Mo bèèrè pé ti ilé ta ni. Wọ́n ní ife kan ni àwọn ní kí n kọ. Mo yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo ìnáwó tí mo ti kọ sílẹ̀, ife kan wà níbẹ̀, kò sí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú páànù kékeré roboto kan tí wọn kì í fi ṣe nǹkan mìíràn ni wọ́n ti ń yan án. Tí ìnáwó bá ń lọ lọ́wọ́, kéèkì náà á wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọn kò ní gé e. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á gbé e fún àwa ọmọ, àwọn fúnra wọn kò sì ní tọ́ ọ wò.

Ìyá mi ló sọ ẹni tó ni ife náà fún mi, níbi tí a ti ń fọ aṣọ. Màmá Àgbà ní àbúrò kan, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àdùkẹ́ ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Màmá Nómán ni wọ́n ń pè wọ́n nílé wa tó bá di dandan kí wọ́n dárúkọ wọn, nítorí pé Noman's Land ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wa kò ní tíì làágùn tó fi máa dé ibẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Màmá Nómán wá bá ẹ̀gbọ́n wọn gé kéèkì Kérésìmesì. Wọ́n to àwọn ọmọ ilé jọ, wọ́n na ìka sí wọn, wọ́n sì kà wọ́n sókè kí ègé lè kárí: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Fọlá ni ìkarùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kí Àjíǹde tó dé, ibà ti gbé Fọlá lọ.

Màmá Àgbà kò bá àbúrò wọn jà. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, àìsọ̀rọ̀ náà sì ni ìjà. Màmá Nómán gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ, wọn kò sì wá sílé wa mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, wọ́n á kí ara wọn bí àlejò méjì, olúkúlùkù á sì kọjá lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Mo bi ìyá mi pé ṣé Màmá Àgbà gbà pé kíkà yẹn ló pa Fọlá. Ìyá mi fún aṣọ ọwọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó dáhùn. "Wọn kò sọ pé Àdùkẹ́ jẹ̀bi rí. Wọn kò sì sọ pé kò jẹ̀bi."

Ìgbà tí Bàbá Àgbà pé àádọ́rin ọdún ni gbogbo èyí wá yọrí síbì kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Inú ilé wa kò rí bẹ́ẹ̀ rí. A kun ògiri. Àwọn ará Jọ́ọ̀sì ń bọ̀, àwọn ará Kàdúná ń bọ̀, àwọn ará Ọ̀fà ti ránṣẹ́ pé àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá Àgbà gẹ irun lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irun tí kò ju díẹ̀ tó kù lẹ́bàá etí lọ. Ṣùgbọ́n fúláwà wọ́n lọ́dún náà. Ṣúgà àti bọ́tà náà wọ́n, àmọ́ fúláwà ló burú jù. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni Màmá Àgbà ti ń tọ́jú èyí tí wọ́n bá rí, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a sẹ́ ẹ tán, tí a sì wọ̀n ọ́n, ife méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ilẹ̀kùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kọ. Pẹ̀lú ife aláìlórúkọ, ó bọ́ sí i géérégé. Mo fò sókè.

Ayọ̀ mi kò pẹ́. Bàbá Àgbà rántí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kó lọ sí Tarauni, tí wọn kò sì lè ṣaláì pè. Ilẹ̀kùn kan nìyẹn. Bọ̀dá Dèjì ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, ẹ jẹ́ kí a fún ará Tarauni ní ife tí kò ní orúkọ, kéèkì tí àlejò kankan kì í jẹ. Màmá Àgbà ní rárá. Bọ̀dá Dèjì ní ṣé ó dáa kí a dójú ti àlejò nítorí kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá Àgbà ní rárá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún fúláwà tí a ti sẹ́ tẹ́lẹ̀ sẹ́.

Bàbá Àgbà kì í dá sí ọ̀rọ̀ kéèkì. Lọ́jọ́ náà wọ́n mú pákò kúrò lẹ́nu, wọ́n fi orúkọ pe ìyàwó wọn.

"Àbẹ̀kẹ́, ife yẹn ti jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún ogún ọdún. Ṣé kò lè rìn dé Nómán ni?"

Màmá Àgbà tún bu fúláwà sínú ajọ̀. 

Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n lọ kí ilé tó kù, ìyẹn ti Tarauni, wọ́n sì padà. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, wọ́n júwe ilé kan fún mi ní Nómán, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí igi dọ́ńgóyárò wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má jókòó, kí n má gba nǹkan kan, kí n ka ilẹ̀kùn wọn kí n sì máa bọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n rán mi. Ilé tí Màmá Àgbà bá ka ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ti pe ilé náà nìyẹn. Mo sáré lọ nínú ọyẹ́, eruku bo ẹsẹ̀ mi dé orúnkún.

Obìnrin kan jókòó lágbàlá, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ojú Màmá Àgbà gan-an ni, àfi pé wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Wọ́n bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ọ́. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Kí lò ń kà?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ láàárín àwa àtàwọn.

"Ilẹ̀kùn ni, mà. Kì í ṣe èèyàn."

 Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí o wá kà á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá Nómán dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì í dé ara ògiri, títí tí kò fi sí èyí tó pa dé mọ́. Ohùn wọn ti yàtọ̀ nígbà tí wọ́n sọ pé, "Kà á dáadáa. Má fo ọ̀kan."

Mi ò fo ọ̀kan. Mo sáré délé, mo ní méje ni. Màmá Àgbà jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí wọ́n jókòó ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ń wí lábẹ́ ẹnu pé, "Méje. Àdùkẹ́ ti ní ilẹ̀kùn méje." Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n wọn padà, wọ́n ní kí n tò wọ́n fún àwọn. Mo tò wọ́n: yàrá, yàrá, yàrá, yàrá, ilé ìdáná, balùwẹ̀, ṣáláńgá. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ń fi ìdí ìró nù ún, kò sì tètè gbẹ. "Ṣáláńgá náà ń jẹ kéèkì?"

Ilẹ̀kùn mẹ́rin, àti ti Tarauni. A nílò ife mẹ́rìndínlógójì. Méjìlélọ́gbọ̀n la ní, àní pẹ̀lú ife aláìlórúkọ tó ti wá ní orúkọ. Kò sí fúláwà ní gbogbo France Road, Bọ̀dá Dèjì fi kẹ̀kẹ́ wá a dé ibi tí táyà fi jò. Màmá Àgbà bá mú ife tánńganran, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Hájíà Làmí. Mo tẹ̀lé wọn. Hájíà ní fúláwà díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi din fánkásò, wọ́n sì kọ́kọ́ bèèrè bóyá páálí ìṣáná ti kú. Màmá Àgbà kò bá wọn ṣàwàdà. Wọ́n sọ fún wọn ní Haúsá pé àbúrò àwọn ń bọ̀ wálé.  Hájíà gba ife náà, wọ́n sì bù ú lẹ́ẹ̀mẹrin sínú abọ́, gegele gegele, ó ń dà sílẹ̀. Mo wo Màmá Àgbà. Wọ́n la ẹnu, wọ́n sì pa á dé. Lọ́jọ́ náà, ife ní orí.

Láti ìdájí ọjọ́ Sátidé ni a ti ń yan kéèkì. A fi aṣọ tútù bo gbogbo nǹkan nítorí eruku ọyẹ́. Màmá Àgbà á gbé etí sún mọ́ ààrò, wọ́n á ní kí gbogbo wa dẹ́kun ìrìn, wọ́n á gbọ́ ọ bó ṣe ń ké ṣìnṣìn, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àwọn tí a kò pè ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ gbàdúrà, Bàbá Àgbà gé kéèkì tiwọn, a pàtẹ́wọ́. Ó wá ku kéèkì gbogbo èèyàn, tó wà lórí tábìlì gígùn lábẹ́ aṣọ. Màmá Àgbà ṣí aṣọ. Wọ́n mú ọ̀bẹ. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀bẹ náà kò mú, wọ́n sì lọ pọ́n ọn lára òkúta. Wọ́n dé, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún lọ pọ́n ọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bọ̀dá Dèjì sọ jẹ́jẹ́ pé Màmá, ọ̀bẹ yìí ti lè gé irin. Àwọn àlejò ti ń gbé ọ̀rọ̀ sọ síra wọn létí. Ìyá mi wò mí bíi pé èmi ni mo ṣi ilẹ̀kùn kà.

Ìgbà yẹn ni Màmá Nómán wọlé. Aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ṣì hàn. Àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé wọn, ìyàwó àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ, gbogbo yàrá mẹ́rin. Wọ́n rìn gba àárín àlejò kọjá, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí eruku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó."

Màmá Àgbà wo orí àbúrò wọn tó ti ń funfun. "O pẹ́, Àdùkẹ́." Wọ́n fà wọ́n dìde.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àwọn ọmọ fi dà pọ̀. Màmá Àgbà ti to abọ́ kalẹ̀ ní ilẹ̀kùn ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nómán ti wọ àárín ọmọ Jọ́ọ̀sì, ọmọ Jọ́ọ̀sì ti wọ àárín tiwa, wọ́n ń sáré yí kànga ká, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ti jáde mọ́. A pè wọ́n kí wọ́n pín ara wọn, wọn kò dáhùn. Màmá Àgbà wo abọ́. Wọ́n wo àwọn ọmọ. Wọ́n yọ páálí ìṣáná, wọ́n gbé e lé kéèkì.

"Àdùkẹ́, kà wọ́n fún mi."

 Ìyá mi, tó gbé tíréè mínírà dání, dúró lójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹlòmíràn kà wọ́n."

"Ìwọ ni. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́."

Bọ̀dá Dèjì tò wá sí ìlà kan. Màmá Nómán na ìka. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ-ọmọ tiwọn. Wọ́n ní ení, ọ̀bẹ Màmá Àgbà sọ̀kalẹ̀, ègé kan bọ́ sórí abọ́. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ọ̀bẹ ń tẹ̀lé ohùn. Èmi ni mo dúró sí ipò karùn-ún. Ìka náà dé iwájú mi, ó sì dúró.  Ọ̀bẹ wà lókè. A gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta omi lójú títì.

"Àrún," Màmá Àgbà ló sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n sì gé e.

Màmá Nómán mí. Wọ́n ní ẹ̀fà, wọ́n ní èje, ohùn wọn sì ń lágbára sí i bí wọ́n ṣe ń lọ, títí wọ́n fi ka gbogbo wa tán, mẹ́tàlélógún. Abọ́ kún. Kò sí ẹni tí kò ní ègé. Màmá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wo àbúrò wọn.

"Tún wọn kà, Àdùkẹ́. Mi ò gbọ́ ìgbẹ̀yìn yẹn dáadáa."

Wọ́n gbọ́ ọ. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Màmá Nómán tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kígbe iye náà sókè bí ẹni tó ń polówó, Hájíà Làmí sì ń fi Haúsá bá wọn kà á láti orí ògiri. Àwa ọmọ kò dúró sójú kan mọ́. Bí ìka náà ṣe kọjá mi tán, mo gba ẹ̀yìn sá lọ sí ìparí ìlà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀kejì, Màmá Àgbà sì gé ègé kan sí i láìbèèrè ohunkóhun.

Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n kà mí ní ìgbà kejì yẹn, mo sì jẹ ègé méjì. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ṣì wà níbí.